Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù: Jíjìn Ọ̀nà àti Àkókò Ìrìn-àjò

Ní ayé àtijọ́, bí ẹnìkan bá béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà pé báwo ni ìlú kan ti jìnnà tó, ìdáhùn tí yóò gbọ́ kì í ṣe ti máìlì tàbí ti kìlómítà. Àgbàlagbà náà yóò wí pé, 'Ìrìn ọjọ́ kan ni,' tàbí kí ó wí pé, 'Bí o bá gbéra ní kùtùkùtù, tí o kò sì dúró lọ́nà, ìwọ yóò wọ ibẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.' Àkókò ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà. Ọgbọ́n ni èyí, nítorí pé ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn fi ń rìn, ìrìn ẹnìkan kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì. Ẹni tí ó bá ti mọ iye ọjọ́ tí òun yóò rìn mọ ìwọ̀n oúnjẹ tí yóò dì sápò, ó mọ ibi tí yóò sùn, ó sì mọ ọjọ́ tí àwọn ará ilé lè máa retí òun.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ilẹ̀ àti ọkọ̀ òfurufú ti dé, ọ̀nà àti àkókò ti pínyà. Ọ̀nà tí ọkọ̀ kan fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì rìn ni ọkọ̀ mìíràn ń fi òru ọjọ́ kan ṣoṣo rìn. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìrìn-àjò láti pápá ọkọ̀ òfurufú kan sí òmíràn tí ó jìnnà réré, ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí arìnrìn-àjò dáhùn, kì í ṣe ẹyọ kan. Èkíní ni pé, báwo ni ọ̀nà náà ti gùn tó? Èkejì ni pé, wákàtí mélòó ni ènìyàn yóò lò kí ó tó dé? Ìdáhùn ìbéèrè èkíní kì í yí padà, nítorí pé ilẹ̀ kò sún, òkun kò sì fà sẹ́yìn. Ìdáhùn èkejì ni ó máa ń yí padà: ẹ̀rọ ń yí i, afẹ́fẹ́ ń yí i, àṣẹ ìjọba ń yí i, aago pàápàá sì ń yí i. Ẹni tí ó bá da ìbéèrè méjèèjì pọ̀ yóò ṣi ìṣirò ṣe, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ a sì máa náni ní owó. Nígbà mìíràn, ó ń náni ní ohun tí owó kò lè rà.

Ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù dára fún àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ní ọmọ tàbí ìbátan tí ó ti rìn ín rí.

BÍ Ọ̀NÀ NÁÀ TI GÙN TÓ

Ìkẹjà, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ni pápá ọkọ̀ òfurufú Murtala Muhammed wà. Orúkọ olórí ìjọba Nàìjíríà tí àwọn ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ pa ní 1976 ni a fi sọ pápá náà. Ìhà ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni pápá Heathrow wà. 1946 ni wọ́n sì ṣí i fún èrò.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wo àwòrán ayé, yóò rí i pé Ìkẹjà wà lórí ìlà ìbú 6.6 ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé, Heathrow sì wà lórí ìlà ìbú 51.5 ní àríwá bákan náà. Yóò tún rí i pé ìlà òró àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé: Ìkẹjà fi dígírì 3.3 wà ní ìlà-oòrùn Greenwich, Heathrow sì fi nǹkan bí ìdajì dígírì wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tí ó bá dúró ní Ìkẹjà, tí ó kọjú sí àríwá, tí ó sì yà sí òsì díẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni ó kọjú sí.

Nítorí pé ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà òró kan náà, ìṣirò ọ̀nà wọn kò le. Bí a bá yọ 6.6 kúrò nínú 51.5, ó ku 44.9. Dígírì kan lórí ìlà òró tó nǹkan bí kìlómítà 111. Bí a bá sì sọ 111 di ìlọ́po 44.9, kìlómítà 4,984 ni yóò jẹ́. Bí a bá fi ìyà-sí-òsì díẹ̀ tí a mẹ́nu kàn lókè kún un, gbogbo rẹ̀ yóò di nǹkan bí kìlómítà 5,000, èyí tí í ṣe nǹkan bí máìlì 3,100. Àwọn awakọ̀ òfurufú a máa lo máìlì ti àwọn atukọ̀ òkun, tí 60 rẹ̀ jẹ́ dígírì kan. Ní ìwọ̀n tiwọn, ọ̀nà náà jẹ́ nǹkan bí máìlì 2,700.

Ohun ìyanu kan fara pamọ́ sínú ìṣirò yìí. Àyíká ayé látòkè délẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 40,000. Kìlómítà 5,000 sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìkẹjà lálẹ́, tí ó sì sọ̀ ní Heathrow láàárọ̀, ti rìn ní ìdá mẹ́jọ àyíká ayé láàárín òru kan.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra fún àwòrán ayé pẹlẹbẹ tí a fi ń kọ́ sára ògiri. Ayé rí róbótó. Bí a bá tẹ́ ohun róbótó pẹrẹsẹ, apá kan rẹ̀ ní láti fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán bẹ́ẹ̀, ìhà àríwá ni ó máa ń fẹ̀ jù, tó bẹ́ẹ̀ tí ìrìn láti Òkun Mẹditaréníà dé Lọ́ńdọ̀nù fi ń gùn lójú ju bí ó ti rí lọ, tí ilẹ̀ Áfíríkà sì ń kéré lójú. Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a mú okùn tín-ínrín, kí a nà án láti ìlú kan dé èkejì lórí àwòrán ayé tí a ṣe róbótó bí bọ́ọ̀lù, kí a sì fi gígùn okùn náà wé àyíká bọ́ọ̀lù náà. Okùn kì í ṣègbè.

BÍ ÀKÓKÒ ṢE KÚRÚ

Kí ọkọ̀ òfurufú tó gbilẹ̀, ojú omi ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn oníṣòwò àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbà lọ sí ìlú Òyìnbó. Ọkọ̀ Aureol ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí òkìkí wọn kàn. Láàárín Liverpool àti Èkó, a máa yà ní èbúté bíi Las Palmas àti Freetown, ìrìn-àjò náà a sì máa gbà tó ọjọ́ 13. Ọkọ̀ ojú omi kò lè la aṣálẹ̀ kọjá. Ó ní láti yí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà po, nítorí náà ọ̀nà tirẹ̀ ju kìlómítà 7,000 lọ. Ní ìgbà náà, bí bàbá ẹnìkan bá ṣàìsàn ní ilé, tí a sì ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀ ní Liverpool, bí ọmọ náà tilẹ̀ bá ọkọ̀ ní èbúté lọ́jọ́ tí ó gbọ́ gan-an, bàbá lè ti wọ ilẹ̀ kí ó tó dé. Ẹkún tí ó yẹ kí ó sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àbúrò rẹ̀, orí omi ni ó ti sun ún.

Ní 1936, ọkọ̀ òfurufú ilé-iṣẹ́ Imperial Airways bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Khartoum sí Kano. Àwọn ọkọ̀ ìgbà náà kò lè gbé epo tí ó pọ̀ tó láti fò lọ jìnnà láìbalẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí dé Lọ́ńdọ̀nù ní láti kọ́kọ́ kọjú sí ìlà-oòrùn títí dé odò Náílì, kí ó tó kọjú sí àríwá. Ọkọ̀ rẹ̀ yára ju ọkọ̀ omi lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ lọ́ kọ́rọkọ̀rọ.

Ní 1958, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nínú ọkọ̀ Stratocruiser tí ó háyà lọ́wọ́ BOAC. Abẹ́bẹ̀ ni ó ń fa ọkọ̀ wọ̀nyí, wọ́n sì ń balẹ̀ lójú ọ̀nà láti bu epo. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì dé, ó sì sọ ìrìn ọ̀nà náà di ìfòkan. Ilé-iṣẹ́ náà, tí a wá ń pè ní Nigeria Airways, kógbá sílé ní 2003. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, 2024, ilé-iṣẹ́ Air Peace, tí í ṣe ti ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Ìkẹjà sí Gatwick, pápá ọkọ̀ òfurufú mìíràn tí ó wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù.

Ní òde òní, ìfòkan láti Ìkẹjà dé Heathrow ń gbà tó wákàtí 6 àti ààbọ̀. Ọjọ́ 13 jẹ́ wákàtí 312. Bí a bá fi 6 àti ààbọ̀ pín 312, ìdáhùn rẹ̀ ni 48. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ronú sí i: àkókò ìrìn-àjò náà ti dínkù ní ìlọ́po 48, síbẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù kò fi ẹsẹ̀ bàtà kan sún mọ́ Èkó.

IBI TÍ WÁKÀTÍ KAN WỌLÉ SÍ

Bí ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì tí ń kó èrò bá ti gòkè tán, ìyára rẹ̀ sábà máa ń tó nǹkan bí kìlómítà 900 ní wákàtí kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi 900 pín 5,000, yóò rí wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 33. Kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fi ń kọ wákàtí 6 àti ààbọ̀ sínú ìwé? Níbo ni wákàtí tí ó kù wọlé sí?

Lákọ̀ọ́kọ́, ìgbà tí ọkọ̀ bá kúrò ní ibùdúró rẹ̀ ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ó bá fò. Ọkọ̀ a máa fi ẹsẹ̀ rọra rìn lọ sí ojú ọ̀nà ìfò, a sì máa dúró de àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ̀ kò lè ní gbogbo ìyára rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní láti gòkè dé ibi tí ó ga ju mítà 10,000 lọ, kí ó sì tún rọra sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ó bá ń balẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀nà ojú òfurufú kì í tọ́ gbọnrangandan bí okùn. Àwọn ibi tí a ti yàn sójú òfurufú ni awakọ̀ ń gbà lọ, láti ọ̀kan sí òmíràn. Lẹ́ẹ̀kẹrin, Heathrow jẹ́ pápá tí ọkọ̀ ń wọ́ lọ́wọ̀ọ́ lọ́wọ̀ọ́. Bí àwọn ọkọ̀ bá pọ̀ jù, a ó pàṣẹ fún àwọn kan láti máa yí po lókè títí yóò fi kàn wọ́n. Gbogbo ìṣẹ́jú wọ̀nyí ni ó parapọ̀ di wákàtí kan tí ìṣirò ìwé kò rí.

ÀṢẸ ÌJỌBA ÀTI AGBÁRA AFẸ́FẸ́

Ojú òfurufú ní onílẹ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ni òfurufú tí ó wà lókè ilẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá láìgba àṣẹ. Ilẹ̀ Niger, aṣálẹ̀ Sàhárà ní ilẹ̀ Àlùjéríà, Òkun Mẹditaréníà àti ilẹ̀ Faransé wà lára ibi tí ọkọ̀ láti Èkó sábà máa ń fò kọjá kí ó tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, 2023, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba ní Niger. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, wọ́n ti ojú òfurufú orílẹ̀-èdè náà pa, wọn kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án. Láàárín àkókò náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń rìn láàárín Yúróòpù àti Áfíríkà ní láti yà bàrá, kí wọ́n sì gbé epo púpọ̀ sí i. Ìlú kankan kò ṣí kúrò ní àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí ìrìn-àjò gùn sí i. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà; bí wọ́n bá dí ọ̀kan, a ó gba òmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó yà gba ẹ̀yìnkùlé kì í dé lákòókò kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó gba ojúlé.

Afẹ́fẹ́ náà ní ipa tirẹ̀. Lókè réré níbi tí ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì ń fò, odò afẹ́fẹ́ ńlá kan ń ṣàn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, pàápàá ní ìhà àríwá ayé; ìyára rẹ̀ lè ju kìlómítà 300 ní wákàtí kan lọ. Nítorí pé àríwá àti gúúsù ni ọkọ̀ Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ń lọ, ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ yìí sábà máa ń fẹ́ lù ú, kì í fi bẹ́ẹ̀ tì í lẹ́yìn tàbí kí ó dá a dúró. Ṣùgbọ́n fún àwọn tí ń la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá, ọ̀ràn náà yàtọ̀ púpọ̀. Láàárín òru ọjọ́ 8 mọ́jú ọjọ́ 9 oṣù Kejì, 2020, nígbà tí ìjì líle kan tí wọ́n pè ní Ciara ń jà, ọkọ̀ British Airways kan fò láti New York dé Heathrow ní wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56, ìrìn-àjò tí ó sábà máa ń ju wákàtí 6 lọ. Afẹ́fẹ́ ni ó gbé e pọ̀n.

Láti Ìkẹjà dé pápá Kennedy ní New York jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 8,400. Ní àlọ, tí ọkọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́, a máa gbà ju wákàtí 11 lọ. Ní àbọ̀, tí afẹ́fẹ́ ń tì í lẹ́yìn, a máa dín ní nǹkan bí wákàtí kan. Ọ̀nà kan náà, ọkọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n àlọ kì í ṣe ọgbọọgba pẹ̀lú àbọ̀.

Ìgbà ọyẹ́ náà kò gbọdọ̀ ṣú akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Bí eruku ọyẹ́ tàbí kùrukùru bá bo ilẹ̀, awakọ̀ lè máà rí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀. Ní oṣù Kejì, 2020, àwọn ọkọ̀ kan tí ó ti òkè òkun bọ̀ wá sí Ìkẹjà ní láti lọ balẹ̀ ní Accra, nítorí pé ojú ọjọ́ kò mọ́lẹ̀ ní Èkó. Àwọn èrò wọn ti fò ju ibi tí wọ́n ń lọ, síbẹ̀ wọn kò tíì dé ilé.

BÍ AAGO ṢE Ń TAN ÈNÌYÀN JẸ

Ayé ń yí dígírì 360 ní wákàtí 24, èyí tí í ṣe dígírì 15 ní wákàtí kan. Nítorí náà ni oòrùn fi ń yọ ní ibì kan kí ó tó yọ ní ibòmíràn. Bí ó bá jẹ́ ti oòrùn nìkan, Èkó ìbá fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 13 péré ṣáájú Greenwich. Ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà fi aago wa ṣáájú ti Greenwich ní wákàtí kan gbáko láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ń yí aago wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Láti ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá títí di èyí tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹta, aago Greenwich ni wọ́n ń lò. Ní ìyókù ọdún, wọ́n a fi wákàtí kan kún un, aago wọn a sì bá ti Èkó dọ́gba.

Jẹ́ kí a sọ pé ọkọ̀ kan gbéra ní Ìkẹjà ní aago 11 alẹ́, tí yóò sì lo wákàtí 6 àti ààbọ̀. Bí ó bá jẹ́ oṣù Kẹjọ, aago 5 àbọ̀ ìdájí ni yóò dé Lọ́ńdọ̀nù. Bí ó bá jẹ́ oṣù Kejìlá, aago 4 àbọ̀ ìdájí ni aago ibẹ̀ yóò máa lù. Ẹni tí kò mọ àdììtú rẹ̀ yóò wí pé ọkọ̀ oṣù Kejìlá yára jù, pé wákàtí 5 àti ààbọ̀ ni ó fi rìn. Kò yára, aago ni ó yàtọ̀.

Ti New York tún jinlẹ̀ jù báyìí lọ. Ní oṣù Kejìlá, aago Èkó fi wákàtí 6 ṣáájú tiwọn. Bí ọkọ̀ bá kúrò ní Ìkẹjà ní aago 11 alẹ́, tí ó sì lo wákàtí 11 àti ààbọ̀, aago 4 àbọ̀ ìdájí ni yóò jẹ́ ní New York. Lójú aago, wákàtí 5 àti ààbọ̀ péré ni ó kọjá. Ní àbọ̀, bí ó bá kúrò ní New York ní aago kan ọ̀sán, tí ó sì lo wákàtí 10 àti ààbọ̀, aago 5 àbọ̀ ìdájí ọjọ́ kejì ni yóò jẹ́ ní Èkó. Lójú aago, wákàtí 16 àti ààbọ̀ ni ó kọjá. Ṣùgbọ́n bí a bá ro àlọ àti àbọ̀ pọ̀, wákàtí 22 ni aago sọ, wákàtí 22 náà sì ni ara arìnrìn-àjò rí. Ohun tí aago jí lálọ, ó dá a padà lábọ̀.

Òfin kan wà tí kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣìnà: kí a tó yọ àkókò ìgbéra kúrò nínú àkókò ìdé, kí a kọ́kọ́ yí méjèèjì padà sí aago ìlú kan ṣoṣo.

Ọ̀fìn mìíràn ṣì wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jìn sí. Nínú àṣà wa, ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni ọjọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀. Òru tí ó tẹ̀lé ọjọ́ Ajé, òru ọjọ́ Ajé ni a ń pè é títí àkùkọ yóò fi kọ. Ṣùgbọ́n ní ìṣirò aago, ọjọ́ tuntun ti wọlé bí aago bá ti lu 12 òru. Bí tíkẹ́ẹ̀tì ẹnìkan bá sọ pé ọkọ̀ yóò gbéra ní ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn aago 12 òru, ní ọjọ́ 12 oṣù, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 11 ni ó gbọ́dọ̀ wà ní pápá. Bí ó bá dúró di alẹ́ ọjọ́ 12, tí ó sì fi ẹrù lé orí, ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ láti nǹkan bí ọjọ́ kan sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé ìsìnkú ìyá rẹ̀ ni ó ń lọ bá, tàbí ìdánwò tí a kì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ta ni yóò dá ọjọ́ náà padà fún un?

LÁTI ẸNU Ọ̀NÀ DÉ ẸNU Ọ̀NÀ

Wákàtí ojú òfurufú kì í ṣe gbogbo ìrìn-àjò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wo ẹni tí ń ti Ìbàdàn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí ó bá gbọ́n, yóò fi wákàtí 3 sílẹ̀ fún ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìkẹjà, nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀. Yóò dé pápá ní wákàtí 3 kí ọkọ̀ tó gbéra, kí wọ́n lè wọn ẹrù rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ìwé ìrìnnà rẹ̀ wò. Yóò lo wákàtí 6 àti ààbọ̀ lókè. Bí ó bá sọ̀ tán, ó lè lo wákàtí kan àti ààbọ̀ níwájú àwọn tí ń yẹ ìwé wò àti níbi tí ó ti ń dúró de ẹrù. Yóò tún lo nǹkan bí wákàtí kan nínú ọkọ̀ ojú irin dé ilé ẹni tí ń retí rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 15. Wákàtí tí ó lò lójú òfurufú kò tó ìdajì.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì ka ọjọ́ tí a fi ń wá owó ọkọ̀, àti ọ̀sẹ̀ tí a fi ń dúró de físà. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ tí ó wà lókè òkun bá ń wí fún àwọn òbí rẹ̀ pé, 'Ẹ má ṣe àníyàn, wákàtí 6 péré ni Lọ́ńdọ̀nù sí ilé,' òtítọ́ ni ó sọ nípa ọkọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́ nípa ìrìn-àjò. Ẹni tí ó bá mọ èyí kì í fi ìbẹ̀wò sí àwọn àgbà dọ̀la nítorí pé ọkọ̀ yá. Kìlómítà 5,000 tí ó wà láàárín bàbá àti ọmọ ní ayé ọkọ̀ omi náà ni ó ṣì wà níbẹ̀ lónìí. Ẹ̀rọ ti mú kí ó rọrùn láti rìn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè bá ẹni tí kò gbéra rìn ín.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí ẹni tí ń relé wọn ọ̀nà rẹ̀, kí ó ka wákàtí rẹ̀, kí ó wo aago ìlú méjèèjì, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí ojú kò tíì rí. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń dúró dè é kò ní dúró títí ọ̀sán yóò fi pọ́n.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìdí tí àwọn àgbà fi lè fi àkókò wọn ọ̀nà láìṣìnà, tí a kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ òfurufú?
2. Fi ìlà ìbú Ìkẹjà àti ti Heathrow ṣe ìṣirò jíjìn ọ̀nà láàárín wọn. Èéṣe tí ìṣirò yìí kò fi lè tó fún Ìkẹjà àti New York?
3. Dárúkọ ohun mẹ́rin tí ó fi àkókò kún ìrìn-àjò tí ìyára ọkọ̀ nìkan ìbá fi parí ní wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 33.
4. Ọkọ̀ kan kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní aago 11 òwúrọ̀ ní oṣù Kìíní, ó sì lo wákàtí 6 àti ààbọ̀. Aago mélòó ni yóò jẹ́ ní Èkó nígbà tí ó bá dé? Aago mélòó ni ìbá jẹ́ ní oṣù Keje?
5. Ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ nínú àṣà Yorùbá àti ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ nínú ìṣirò aago. Ewu wo ni ìyàtọ̀ yìí lè fà fún arìnrìn-àjò?
6. Kọ àròkọ tí ó tó ojú ìwé kan àti ààbọ̀ lórí àkòrí yìí: 'Ọkọ̀ yá, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò kúrú.'